Báàfù tàbí ṣáwà: ohun tójú mi rí nígbà tí à ń kọ́lé n'Íbàdàn

Wọ́n yàwòrán ilé wa tán, báàfù ló kún gbogbo balùwẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó mi ní ó wuyì. Ó kúkú wuyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé oníbàáfù tí mo ti gbé rí, omi ni wọ́n ń pọn sí i! Á kún dẹ́nu, onílé á dúró sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi ike bù ú wẹ̀.

Púlọ́ńbà wa ò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹni tó bá fẹ́ gbádùn báàfù, á lo tó lítà 150. Garawa ọ̀dà oní-lítà 20 méje, ó tún lé. Ṣé jẹnẹrétọ̀ lẹ ó máa fi fa ìyẹn lójoojúmọ́?"

Ṣáwà náà ní tiẹ̀ o. Mítà kọ̀ọ̀kan tí táǹkì bá fi ga ju orí ṣáwà lọ, báà 0.1 péré ni agbára omi ń rí (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tú jáde). Táǹkì tiwa fi nǹkan bíi mítà 2 ga ju ṣáwà òkè lọ, báà 0.2 péré nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ṣáwà tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù sì ń béèrè tó báà 1. A ní láti fi pọ́ǹpù kékeré kan sí i, owó ńlá ni.

Ohun tó yí ìyàwó mi lọ́kàn padà ni Màmá. Wọ́n lọ kí àbúrò mi l'Ékòó. Wọ́n di ẹ̀rọ omi mú, wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè kí wọ́n wọ báàfù, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e. Wọ́n wá ké sí i níta: "Ẹ bá mi wá garawa o jàre."

Balùwẹ̀ tiwọn nílé wa ò ní ohun tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá wọlé. Ilẹ̀ rẹ̀ rọra dà sápá ojú ihò tómi ń gbà jáde, irin ìdìmú wà lára ògiri, àpótí ìjókòó ráyè níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi ò bá yọ, garawa wọlé tààrà.

*Èsì òǹkàwé kan, Ìyá ìbejì, Abẹ́òkúta:*
Mi ò gbà délẹ̀délẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fi báàfù kan sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Ẹ má ṣáà fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà ṣe fóònù lẹ fẹ́ lọ gbé. Omi díẹ̀ ti tó pa ọmọ. Kí bíríkìlà sì fi ojú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù tí púlọ́ńbà lè gbà dé ìdí rẹ̀. Wọ́n dí tiwa pa. Nígbà tó ń jò, òòlù ni wọ́n fi fọ́ ọ, a ò sì tíì rí táìlì tó jọ ọ́ rà.