Gbèsè áàpù mẹ́ta: èwo ni kí n kọ́kọ́ san?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Áàpù mẹ́ta ni mo ti yá owó nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ó sì ku ₦185,000. Èyí tó kéré jù, ₦30,000, ni èlé rẹ̀ ń gun orí ara wọn jù. (Àwọn yẹn náà ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ bú mi fún àna mi!) Báǹkì mi ò yá mi lówó mọ́, BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi ní báǹkì) ti tú àṣírí mi ní credit bureau, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn.

Èmi ni mo máa kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀, ₦120,000. Ṣé kí n san àwọn kékeré tán ni, àbí kí n pín in fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tí mo bá sì san tán, ṣé ẹni tó yá mi lówó ló máa tún àkọsílẹ̀ mi ṣe, àbí èmi ni màá kọ̀wé sí bureau fúnra mi?