Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn SS2 ní àkàyé àròkọ ìrírí ara-ẹni?

Tíṣà Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn SS2, ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì. Tí àyọkà bá jẹ́ àlàyé lórí nǹkan, bí oúnjẹ tàbí ojú ọjọ́, wọ́n ń gbìyànjú. Tó bá ti jẹ́ àròkọ tí ẹnì kan fi sọ ìrírí ara rẹ̀ ni wàhálà dé. Ìbéèrè bíi "Kí ló fi hàn pé…" tàbí "Kí ni èrò òǹkọ̀wé nípa…", gbólóhùn inú àyọkà ni wọ́n ń dà kọ gbùrù. Àwọn mìíràn á kọ "ó kọ́ wa pé ká máa gbọ́rọ̀ sí òbí lẹ́nu", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́. Pírẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́jú 40 ni mo ní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò sí owó fọ́tókọ́pì fún gbogbo wọn. Irú ìdánrawò wo ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Akọ́mọlédè

Ẹ kú làálàá. "Mo" méjì ló wà nínú irú àròkọ yẹn, ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí àyọkà tó kù. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, ó lè jẹ́ ọmọ ọdún 10. Èkejì ni àgbà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tó ti mọ ohun tí ọmọ yẹn ò mọ̀. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ìbéèrè tó le ti ń jáde. Ọmọ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á máa fi èrò ọmọdé dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í nípa àgbà.

Ẹ má fi àyọkà gígùn bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò ju ojú pátákó lọ ti tó. Mo kọ èyí fún yín, ẹ lè lò ó:

*Ní gbogbo Sátidé, màmá mi á gbé igbá ẹ̀kọ rù mí, á ní kí n gba ọ̀nà ìdíkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń kiri, mo rí tíṣà kíláàsì wa tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo gbé igbá mi sẹ́yìn táyà ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń ka owó tí mo ti kà tán. Tíṣà kọjá. Mo mí kanlẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ọjà pa dà sílé. Màmá mi bi mí bí ọjà ṣe rí. Mo ní, "Ó tà díẹ̀." Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí igbá, ó ka ẹ̀kọ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n lọ jẹun. Lónìí, bí mo bá ń san owó iléèwé ọmọ mi, mi ò rántí ojú tíṣà yẹn mọ́. Ìró ewé ẹ̀kọ tí màmá mi ń kà ni mo ń gbọ́.*

Kíkà àkọ́kọ́: kí wọ́n gbé báírò sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta yìí nìkan ni kí ẹ bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe dàgbà tó nígbà tó ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe dàgbà tó nísinsìnyí? Kò sí ọjọ́ orí kankan nínú àyọkà yìí. "Tíṣà kíláàsì wa" ló máa sọ ti ìgbà yẹn, owó iléèwé ọmọ ló máa sọ ti ìsinsìnyí. Wọ́n ti ṣe ìdánrawò àkọ́kọ́ láìmọ̀ nìyẹn.

Kíkà kejì: kí wọ́n fa ìlà kan sábẹ́ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìgbà yẹn, ìlà méjì sábẹ́ ohun tó jẹ́ ti ìsinsìnyí. "Lọ́jọ́ kan" gba ìlà kan, "lónìí" gba méjì. Àwọn àyọkà kan á ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n máa lọ síwá sẹ́yìn. Ìlà yìí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣìnà.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́rin péré:

1. Níbo ni òǹkọ̀wé ti ń kiri ẹ̀kọ?
2. Kí ló dé tó fi ń ka owó tó ti kà tán?
3. Kí ló fi hàn pé màmá fura pé ọjà ò lọ bó ṣe yẹ?
4. Báwo ni ohun tó ká òǹkọ̀wé lára nígbà náà ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ká a lára lónìí?

Gbogbo wọn á gba ìkíní. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ máa kọsẹ̀ sí, wọ́n á ní "nítorí ó fẹ́ mọ iye tó pa". Ọ̀rọ̀ náà "ìtìjú" ni wọ́n ń wá kiri nínú àyọkà, kò sì sí níbẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní òfin yìí: bí ẹnì kan bá ń ṣe ohun tí kò wúlò, tàbí tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kejì láìnídìí, inú ọkàn rẹ̀ ni kí wọ́n ti wá ìdí rẹ̀. Ẹni tó ti kà á tán kò nílò iye mọ́, orí ló fẹ́ fi pamọ́. Ìkẹta: wọ́n sọ fún màmá pé "ó tà díẹ̀", síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó lọ ń ka èyí tó kù. Ìkẹrin ní apá méjì, ojú tíṣà nígbà náà, màmá lónìí. Ọmọ tó bá kọ apá kan gba ìdajì máàkì.

Ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn. "Níbo lo ti rí i?" ni kí ẹ máa bi wọ́n, títí ó fi máa sú wọn.

Ìyá Olùkọ́

Akọ́mọlédè ti là á mọ́lẹ̀. Màá fi ti kíkọ ìdáhùn kún un, torí ọmọ tó yé gan-an náà ń pàdánù máàkì níbẹ̀.

"Mo" inú àyọkà kì í ṣe "mo" ti ọmọ iléèwé. Wọ́n á kọ "mo fi igbá mi pamọ́" bíi pé àwọn ni wọ́n ń kiri. Kí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "òǹkọ̀wé". Ní Yorùbá "ó" ti bo ọkùnrin àti obìnrin mọ́lẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá dé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kàn mú "he" tàbí "she" láìwo ẹ̀yìn. Ẹ wo àyọkà ẹlẹ́kọ yẹn: kò sí ibi tó ti sọ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "The writer" ni kí wọ́n máa lò.

Ti ẹ̀kọ́-tí-a-rí-kọ́ yẹn, àlọ́ ló kó bá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń parí ìtàn pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Bí ìbéèrè ò bá ti ní "ẹ̀kọ́" nínú, ẹ má fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì kankan, kó tilẹ̀ jẹ́ òdodo ọ̀rọ̀.

Ẹ tún fi òfin de "inú rẹ̀ dùn" àti "inú rẹ̀ bà jẹ́". Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sára káádíbọ́ọ̀dù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ìtìjú, àbámọ̀, ìtura, ìlara, ìbẹ̀rù, ìyangàn, ìyàlẹ́nu, àánú, ìfura, ìjákulẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí ìlà tó gbè é lẹ́sẹ̀. "Mo mí kanlẹ̀", ìtura ni, kì í ṣe ìdùnnú.

Lẹ́sìn Alẹ́

Ẹ má gbàgbé aago o. Gẹ̀ẹ́sì WAEC, Pépà 2, wákàtí méjì ni: àròkọ máàkì 50, àkàyé 20, summary 30. Ìṣẹ́jú 30 ni ká ka àkàyé sí, nítorí àròkọ á jẹ 50, summary á jẹ 40. Lójú tèmi, kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó fojú kan àyọkà. Ó máa ń yára.

Akọ́mọlédè

Tó bá jẹ́ àyọkà aláàlàyé, mo gbà. Fún èyí, rárá, sà. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ka ìbéèrè á máa dọdẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìbéèrè, ibi tó bá ti rí i ló máa dà kọ. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ìdáhùn wà lè jìnnà sí ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá. Ẹ jẹ́ ká pín 30 náà báyìí: kíkà àkọ́kọ́ ìṣẹ́jú 3, ìbéèrè 2, kíkà pẹ̀lú báírò 6, ìdáhùn 15, àtúnyẹ̀wò 4.

Ọ̀gbẹ́ni Àyọkà

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ká ní wọ́n túmọ̀ àyọkà ẹlẹ́kọ yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń tú àṣírí "mo" méjèèjì: "I hid" jẹ́ ti ọmọ yẹn, "I still hear" jẹ́ ti àgbà. Pańpẹ́ tó wà níbẹ̀ ni "would". Tí wọ́n bá rí "My mother would load the tray", wọ́n á rò pé ọjọ́ iwájú ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń ṣe nígbà náà ni. Ẹ fi "màmá mi á gbé igbá" inú àyọkà yẹn ṣàlàyé fún wọn. Iṣẹ́ kan náà ni "á" yẹn ń ṣe, yóò yé wọn kíákíá.

Fún ìpààrọ̀ ọ̀rọ̀: kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tuntun sípò ti àtijọ́, kí wọ́n ka gbólóhùn náà sókè. Ẹni tó fi "hide" rọ́pò "crouched" ti pàdánù ìgbà, ó sì ti pàdánù ìtumọ̀. "Bent down" bá a mu.

Ti girama: "when I got home" nínú "She asked about the sales when I got home" jẹ́ adverbial clause, awẹ́ gbólóhùn tó ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀: it modifies the verb "asked". Ọ̀pọ̀ á dúró sórí "it modifies the verb". Wọn ò dárúkọ verb, máàkì lọ.

Tíṣà Ṣàgámù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù: níbo ni mo ti máa rí àyọkà tó pọ̀ tó, báwo ni mo sì ṣe máa máàkì 58?

Ìyá Olùkọ́

Ìwé past question kọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn. Kí wọ́n kọ àròkọ ọ̀rọ̀ 120 lórí ohun kékeré: bàtà tó sọnù, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dáná, ọjọ́ tí òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ẹ má fipá mú wọn sọ ọ̀rọ̀ ilé o, kí ẹ sì yọ orúkọ kúrò kí ẹlòmíràn tó kà á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ṣe ìbéèrè mẹ́rin sí tirẹ̀: ọ̀kan tó wà lójú àyọkà, méjì tó fara sin, ọ̀kan lórí ìgbà náà àti ìsinsìnyí. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi ìdáhùn pamọ́ á mọ ibi tí òǹkọ̀wé mìíràn ń fi tirẹ̀ sí.

Tí mẹ́ta bá ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, ẹ̀dà 20 ti tó. Ẹ fi nylon bò wọ́n, wọ́n á tún wúlò lọ́dún tó ń bọ̀. Pírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ fún kíkà àti fífa ìlà, èkejì fún ìdáhùn. Ní ti máàkì, ẹ gba ìdáhùn kan ṣoṣo, èyí tó le jù, kí ẹ máàkì rẹ̀ fúnra yín. Wọ́n lè pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn fún ìyókù.

Tíṣà Ṣàgámù

Tí ọmọ kan bá mú ìdáhùn tí mi ò ní lọ́kàn wá ńkọ́?

Akọ́mọlédè

Tó bá ní ìlà tó gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ fún un. Fún ìbéèrè kejì, ọmọ tó bá kọ pé ẹ̀rù ń ba òǹkọ̀wé kí tíṣà má lọ sọ fún kíláàsì ti gbìyànjú, torí sísá pamọ́ àti mímí kanlẹ̀ gbè é. Èyí tó bá kọ pé ó ń wá bó ṣe máa jí nínú owó màmá rẹ̀, ẹ ní kó fi ìlà rẹ̀ hàn yín. Kò ní rí i.