Ìròyìn ogun kò jẹ́ kí n sùn mọ́, kí ni kí n ṣe?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine ni mo ti ń ka ìròyìn ogun lórí ibùsùn. Nígbà tí ti Sudan tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó wá peléke. Láago méjì òru, oorun á ti dá lójú mi, àyà mi á máa lù kìkì. Mo ti gbé fóònù sí yàrá kejì, àmọ́ ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, bí ẹni pé mo kẹ̀yìn sí àwọn tí ìyà ń jẹ. Ọmọ mi ti ń béèrè ìdí tí mo fi ń kanra. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣe rí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ka ìròyìn lóòjọ́? Báwo lẹ ṣe fi ọkàn yín balẹ̀?