Àjàkálẹ̀ àrùn àti ilé àjùmọ̀lò: ẹ̀yin ọmọ Òròkí lókè òkun, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí nílé lóko. Ilé àjùmọ̀gbé lèmi àti ìyàwó mi ń gbé níbí. Kálukú ló ní ilé tiẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ńlá kan wà láàárín tó jẹ́ ti gbogbo wa: ibẹ̀ la ti ń jẹun alẹ́ pọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré. A fẹ́ kọ àdéhùn sílẹ̀ de ìgbà tí irú Kòrónà bá tún dé. Àwọn kan ní ká ti ibẹ̀ pa pátápátá, àwọn kan ní láéláé, owó àwọn ló kọ́ ọ. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Aarhus:
Àbúrò mi, ẹ má tì í pa. Ilẹ̀ Denmark níbí ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n ti ń gbé nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ Sættedammen. Tẹ́ ẹ bá tì í pa tán, bàbá arúgbó tó ń dá gbé ńkọ́, tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń rójú èèyàn? Ẹ mú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: báwo ni atẹ́gùn ṣe ń wọ ibí, báwo sì làwọn èèyàn ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni gbogbo ayé ń fi Jíìkì nù tọ̀sán-tòru. Ìgbà tó yá la wá mọ̀ pé inú afẹ́fẹ́ tí a jọ ń mí ni àrùn yẹn ti ń ranni jù. Ẹ fọwọ́ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má lo gbogbo agbára yín sórí tábìlì nínù. (Ẹ má sì po Jíìkì mọ́ fínígà láé. Gáàsì olóró ló ń yọ.)

Tiwa, ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí pẹpẹ àwo tó ń ka CO2, ìyẹn gáàsì tí àwọn èèyàn ń mí síta, ká lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Ìta gbangba máa ń jẹ́ bíi 420. Bí yàrá bá wà lábẹ́ 800, ó dáa. Bó bá fi kọjá 1500, ẹ jáde. Bí a bá jókòó ti ọbẹ̀, tí àwọn ọmọ ń sáré kiri, ojú wa báyìí ni nọ́ńbà yẹn ṣe ń gòkè. Ẹnì kan á dìde, á ṣí fèrèsé iwájú àti tẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kó tó dé, ìjà fèrèsé kì í tán nílé wa nígbà òtútù. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń dájọ́.

Oúnjẹ alẹ́: ará ilé kan ṣoṣo ni kó máa sè é lọ́jọ́ kan. Kálukú á gbé abọ́ tiẹ̀ wá sójú fèrèsé, á gbà á, á lọ jẹ ẹ́ nílé tàbí lábẹ́ igi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ò ṣòro: ẹ kọ wákàtí ilé kọ̀ọ̀kan sójú pátákó, kí ẹnikẹ́ni má jókòó dè é.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Bí fèrèsé ò bá ṣeé ṣí, ẹ kan Corsi-Rosenthal, àpótí àtọwọ́dá tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú yàrá. Fílítà afẹ́fẹ́ mẹ́rin tí wọ́n kọ MERV-13 sí lára, ẹ tò ó bí àpótí, páálí nísàlẹ̀, fáànù onígun mẹ́rin lórí kó máa fẹ́ sókè, ẹ fi tépù dí gbogbo àlàfo. Ọfà ara fílítà gbọ́dọ̀ kọjú sínú. Ó ń pariwo díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Àwa ò ní ẹ̀rọ tó ń ka èémí o. Nígbà tí ìjọba ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pa lópin oṣù kẹta 2020, kànga kan, balùwẹ̀ kan ni gbogbo agbo ilé wa ń lò. Ta ló máa ti kànga pa? Baálé pe ẹnì kọ̀ọ̀kan láti yàrá kọ̀ọ̀kan jáde sí àgbàlá, wọ́n jìnnà síra, wọ́n pín àsìkò: àwọn tó lọ́mọ kékeré ló ń kọ́kọ́ fa omi, àwọn tó ń ta oúnjẹ tẹ̀ lé wọn. Okùn kànga ni gbogbo ọwọ́ ń kàn, ìdí nìyẹn tá a fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí nísàlẹ̀ àti ọṣẹ dúdú síbẹ̀, kéèyàn fọwọ́ bó bá ti fa omi tán. Àdògán tó wà lábẹ́ àtíbàbà, a gbé e bọ́ sí gbangba.

Ẹni tẹ́ ẹ ò tíì mẹ́nu bà ni aláìsàn. Ẹ yan ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ fún un nísinsìnyí tí ara gbogbo yín ṣì le. Lọ́dọ̀ wa, orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà la ń gbé e sí, a ó kanlẹ̀kùn, a ó sún sẹ́yìn, a ó dúró kó yọjú, ká kí i. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí àìsàn bá dé, kálukú á máa wo ojú ẹnìkejì ni.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣé, Ìyá Àgbà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹni tó bá wá ní òun ò ní tẹ̀ lé àdéhùn ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ẹnì kan á wà.

Ìyá Ìbejì:
Á wà. Ẹ fún òfin náà ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni tiwa. Bó bá pé tí ìpàdé ò tún fọwọ́ sí i, ó ti kú nìyẹn. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn ò rí ohun jà lé lórí mọ́. Ẹ má sì sọ ẹnì kan di ọlọ́pàá àwọn yòókù. Èèyàn méjì ni kó máa gbọ́ ẹ̀sùn, kí wọ́n lọ bá onítọ̀hún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe lórí WhatsApp.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ya fọ́tò pátákó wákàtí yẹn fún mi. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé wa.