Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí Àjàṣẹ́, kí ni ká rí níbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, lóṣù January. Èkó la ti ń gbéra. Ẹni tí mo bá sọ fún ló ń ní kí n kọjá lọ sí Kútọnu tàbí Ouidah, pé kò sí nǹkan kan ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí màmá ṣòwò níbẹ̀ nígbà ayé wọn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni màmá sì ti ń dárúkọ ìlú náà. Wọn ò débẹ̀ rí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì gbọ́ Faransé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ka orúkọ ibi sílẹ̀ fún mi, ẹ sọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ gan-an.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ káàbọ̀, àbúrò mi. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú Benin títí dòní, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ariwo àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba kó lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún màmá, torí wọ́n á lè rìn jẹ́jẹ́.

Ẹ má mikàn nítorí èdè. Gùn làwọn onílẹ̀ ń sọ, àmọ́ Yorùbá ti pọ̀ nílùú yìí tipẹ́tipẹ́, Ànàgó ni wọ́n ń pè wá. Kí màmá sáà ti dé ọjà Ouando, kí wọ́n ní "ẹ kú ọjà o", wọ́n á rí ẹni dá wọn lóhùn.

Mọ́sálásí Ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn tí ìdílé wọn ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Irú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n kọ́. Ẹ dúró ní iwájú rẹ̀ dáadáa: ilé-ìṣọ́ méjì, ọnà símẹ́ńtì lára ògiri, oríṣiríṣi ọ̀dà. Àlejò tí kò mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, títí yóò fi gbọ́ ìpè ìrun. Ẹ wá rọra wọ àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó yóò dá irú àwọn ilé náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ààfin Honmè náà wà níbẹ̀, ilé Ọba Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908, òun ló tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Faransé. Mùsíọ́mù ni báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ìtura yín bóyá ó ṣí kí ẹ tó lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá Alágbẹ̀:
Ẹ má gbàgbé oko Songhai o! Èmi ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló mú mi lọ sí Àjàṣẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni Fadá Godfrey Nzamujo tó dá a sílẹ̀ ní 1985. Kò sí ohun tí wọ́n ń dà nù. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin, wọ́n ń fi ìdin bọ́ ẹja, omi adágún ẹja sì ń padà sára ẹ̀fọ́. Wọ́n á mú yín yí oko náà ká, wọ́n á ṣàlàyé. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, yàrá wà tí ẹ lè sùn. Kì í ṣe yàrá ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀dá lò.

Bàbá Adé:
Ẹ gba Ìdìròkò. Tí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, Igolo ni, ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ tààrà sí Àjàṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Bàbá, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti apá Badagry, Sèmè ló yá fún un. Èyí tó wù kí ẹ gbà, ẹ mú páálí ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání, ẹ sì ṣẹ́ owó sí sẹ́ẹ̀fà. Ìsinmi máa ń wà jákèjádò Benin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù January nítorí ọdún Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ibẹ̀, ẹ tètè gba yàrá.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ní abúlé kan wà lórí omi tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ. Ṣé orúnkún màmá á gbà á?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Aguégués nìyẹn, ilé lórí òpó nínú omi. Ó dùn ún wò, àmọ́ wíwọ ọkọ̀ àti sísọ̀ nínú rẹ̀ á ni orúnkún lára. Adjarra ni kí ẹ mú wọn lọ dípò rẹ̀, kò jìnnà sí ìlú. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀. Ìkòkò amọ̀ wà níbẹ̀, ìlù sì wà, torí ibẹ̀ ni àwọn agbẹ́lù pọ̀ sí. Ẹ wá ìjókòó fún màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n máa wò bí wọ́n ṣe ń fa awọ. Takisí ni kí ẹ gbé o, ẹ má gbé wọn sórí ọ̀kadà. Tí ebi bá dé, ẹ béèrè amiwo, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò rò, pẹ̀lú adìyẹ.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dé síbí, kí n bá yín ka ọjọ́ ọjà kí ẹ tó sanwó yàrá.