Ta ló ní "ṣọ́ńkọ́lọ́" kì í ṣe Yorùbá?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àwọn kan láàárín wa ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ọmọdé bá ṣẹ̀dá nídìí eré kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí pé kò ní gbòǹgbò. Wọ́n ní "amóhùnmáwòrán" ṣeé tú wẹ́rẹ́: a, mú, ohùn, mú, àwòrán. Ta ló wá lè tú "ṣọ́ńkọ́lọ́"?

Ọ̀rá piọ wọ́tà tí wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi eyín já igun rẹ̀, wọ́n á máa fà á títí ikùn rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń di ogún rẹ̀ pọ̀ ńkọ́? "Ṣọ̀ǹkọ̀lọ̀" nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn dáadáa: ohùn òkè fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá. Bí èdè wa ṣe ń ṣe é nínú "róbótó" àti "rọ̀bọ̀tọ̀" gan-an nìyẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbòǹgbò "róbótó"?) Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe "ṣọ́ńkọ́lọ́" ní "ṣóńkọ́ló" létí wọn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Fáwẹ̀lì "o" àti "ọ" kì í sábà gbé pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀. Ọmọ ọdún 6 mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.

Ẹ̀nà, èdè eré tí àwọn ọmọdé máa ń fi yí ọ̀rọ̀ padà, tiẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. "Ìyá ti lọ sọ́jà" á di "Ìgìyágá tigi lọgọ sọ́gọ́jàgà." Lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi "g" sí i, wọ́n á tún fáwẹ̀lì yẹn pè, ohùn rẹ̀ á sì bá a lọ. Ohùn yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dàrú: ọkọ́ á di "ọgọkọ́gọ́," ọkọ̀ á di "ọgọkọ̀gọ̀," ẹni tó ń gbọ́ ò ní fi ọkọ́ pe ọkọ̀ láé. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń pe "wọ́n" ní "wẹ́n" nílé, "wẹ́ngẹ́n" ló ń sọ. Kí ọmọ tó lè ṣe èyí bí ẹni ń sáré, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí sílébù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwa tá a kàwé, bébà là ń wá ká tó kà á.

Gbòǹgbò dára o, mi ò bá yín jà. Ìlú wa yìí ni ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ "Ìwé Ìròhìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá" ní 1859, "ìwé ìròyìn" ò sì tíì kúrò lẹ́nu wa títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Kútọ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra amóhùnmáwòrán, ẹ ó gbọ́ bí oníṣọ́ọ̀bù á ṣe ní, "Ẹ̀hẹ́n, tẹlifíṣọ̀n!"

Mi ò ní ká kó "ṣọ́ńkọ́lọ́" sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ náà á ti sọ ọ́ nù, wọ́n á ti rí òmíràn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí olùkọ́ máa na ọmọ nítorí ẹ̀nà, kó ní ó ń ba Yorùbá jẹ́.