Bẹ́líìtì Tí Kò Sán, Tó sì Ti Gbó: Ìrírí Àwa Onímọ́tò ní Abúja àti Òkè Ọya

Láti Kúbwà

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ará. Corolla ọdún 2005 ni mo ń lò, ẹ́ńjìnnì 1ZZ ló sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator tó ń fi iná sínú bátìrì. Òun kan náà ló ń yí páǹpù sítíárì, kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ ẹ́sì àti páǹpù omi. Bí ó bá já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ láàárín Abaji sí Lọ́kọ́ja, iná bátìrì nìkan kọ́ ni ìṣòro onítọ̀hún: sítíárì yóò le, omi kò ní í yí nínú ẹ́ńjìnnì mọ́, bí kò bá sì tètè pa ọkọ̀ náà, gásíkẹ́ẹ̀tì lè jó.

Nígbà òjò tó kọjá ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro láàárọ̀, pàápàá bí mo bá tan ẹ́sì kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí mo bá sì gba inú omi kọjá lójú títì, iná pupa bátìrì yóò tàn fẹ̀rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò sì tún kú. Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí ilé wa yí inú bẹ́líìtì náà síta, ó wò ó lójú oòrùn, ó ní kò sán níbì kankan, nítorí náà alternator ni ká pààrọ̀. Mo bi í pé kí ló fi mọ̀. Ó ní bẹ́líìtì tó bá ti gbó a máa sán, èyí kò sì sán.

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí, mo bá gbé ọkọ̀ lọ sí abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Àpò, sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Bàbá kò tilẹ̀ bojú wo alternator. Ó tú bẹ́líìtì náà, ó mú tuntun tí nọ́ńbà wọn jọ jáde nínú páálí, ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí n fi èékánná tọ inú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí mo rí dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Inú bẹ́líìtì náà rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: ebè mẹ́fà tò gbọọrọ, poro márùn-ún sì wà láàárín wọn. Lára tuntun, ebè nípọn, poro sì há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ṣóńṣó èékánná mi nìkan ló wọlé. Lára tèmi, ebè ti rù, poro ti fẹ̀, èékánná mi wọlé títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tó sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ti jẹ lọ. Bàbá wá ṣàlàyé pé etí púlì (àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí), tó yẹ kó há sáàárín ebè, ti ń kanlẹ̀ nínú poro, nítorí náà bẹ́líìtì kò rí i dì mú mọ́. Bí omi bá sì ta sí i, omi náà kò ríbi gbà jáde, ni bẹ́líìtì yóò bá máa yọ̀. Bí wọ́n ṣe fi tuntun sí i ni igbe dáwọ́ dúró. Alternator tí wọ́n fẹ́ bá mi yọ dànù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Láti Àpò

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni èmi náà ń ṣe ní Àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni bàbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Kúbwà ń sọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ bú mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yẹn jù, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ ló ṣe ń ṣe é. Rọ́bà neoprene ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́líìtì láyé ọjọ́un, òun a sì máa sán bó bá gbó. Bí a bá ka ojú sísán 3 láàárín íǹṣì 3, yíyọ ni. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síhìn-ín ni àwọn tó ń ṣe bẹ́líìtì ti ń lo rọ́bà EPDM, tí ooru kì í tètè sán. Ó lè lò tó kìlómítà 150,000 láìsán, ṣùgbọ́n yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń ṣe é pàápàá sì sọ pé bí ìdá 5 péré nínú 100 rọ́bà ebè rẹ̀ bá ti lọ, ó ti tó láti mú un yọ̀. Ẹni tó bá dúró de ìgbà tí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ yóò sán, ojú títì ni bẹ́líìtì yóò já sí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ariwo náà ní ohun tó ń sọ fúnni. Bí mo bá fẹ́ mọ ibi tó ti wá, mo máa ń wọ́n omi díẹ̀ sí inú ebè bẹ́líìtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, láti ibi tí ọwọ́ mi ti jìnnà sí i dáadáa. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ agbádá dé ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń yí o.) Bí igbe náà bá pọ̀ sí i, yíyọ̀ ló ń yọ̀, yálà nítorí pé rọ́bà ti jẹ tàbí pé tensioner (apá onísípíríńgì tó ní púlì lórí, tó máa ń fa bẹ́líìtì le) kò fà á le mọ́. Bí ariwo bá jẹ́ èyí tó ń ké wẹ́wẹ́, tó dákẹ́ nígbà tí omi kàn án, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi gbẹ, àwọn púlì ni kò tò ní ọgbọọgba.

Ọ̀rọ̀ tensioner yìí ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn oníbàárà mi. Wọn yóò ra bẹ́líìtì tuntun, wọn kò ní í fẹ́ ra òun. Apá rẹ̀ tí ẹ bá rí tó ń gbọ̀n pátápátá nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, sípíríńgì inú rẹ̀ ti rọ. Bí mo bá ti tú bẹ́líìtì, mo máa ń fi ọwọ́ yí púlì rẹ̀. Bí béárìn bá ń ha tàbí tí púlì náà bá ń mì láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mi ò ní í fi bẹ́líìtì tuntun sórí rẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ń bínú.

Ní ti rírà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí 6PK, ebè mẹ́fà ló ní, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì ni gígùn rẹ̀ ní mìlímítà. Bẹ́líìtì tòkunbọ̀ tí wọ́n ń so kọ́ rẹpẹtẹ, èmi kì í rà á. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi epo ìkuntáyà pa lára tó ń dán gbinrin, bẹ́ẹ̀ poro rẹ̀ ti fẹ̀ ju ti èyí tí a fẹ́ yọ lọ.

Láti Kàdúná

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbẹ́ ni bẹ́líìtì tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kì í ṣe inú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi pààrọ̀ alternator nígbà náà ni, mo sì ń lọ sí Sàríà lójoojúmọ́ nínú ọyẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé erùpẹ̀ ọyẹ́ ló ń fa ariwo wẹ́wẹ́ tí mò ń gbọ́, nítorí erùpẹ̀ náà a máa ha rọ́bà lóòótọ́. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ létí bẹ́líìtì lápá kan, ebè tó wà lápá ibẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí àwọn márùn-ún yòókù ṣì nípọn. Mẹkáníìkì mìíràn gbé irin gígùn tó tọ́ lé ojú púlì méjì, a sì rí i kedere pé púlì alternator náà yọ síwájú ju èkejì lọ, nítorí pé ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi sí tèmi. Ìgbà tí a rí alternator tó bá ọkọ̀ mi mu ni bẹ́líìtì tó gbẹ́yìn fi pẹ́ lára ọkọ̀ náà.

Láti Gwagwálàdà

Ìbéèrè kékeré ni tèmi, ọ̀gá mẹkáníìkì. Epo sítíárì ń kán sórí bẹ́líìtì mi, rọ́bà rẹ̀ sì ti rọ̀, ó wú díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kí n máa lò ó lọ. Ṣé yóò ṣeé ṣe?

Láti Àpò

Kò lè ṣeé ṣe, àbúrò. Rọ́bà tí epo bá ti mú wú kì í padà bọ̀ sípò, pẹtiróòlù yóò tún jẹ ẹ́ ni, yàtọ̀ sí pé ó lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí epo náà ti ń jò, ẹ nu gbogbo púlì mọ́ tónítóní, kí ẹ tó wá ra tuntun.